Láti ẹnu odò dé agbami: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò àwa tí à ń wọn kábọ́ọ̀nù inú omi òkun

Ọjọ́ Àìkú, ní èbúté

Ọkọ̀ ò tíì tú okùn, àmọ́ iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí. A ti to àwọn ìgò sínú àpótí, a ti fi okùn de ẹ̀rọ mọ́ tábìlì kí ìgbì má bàa gbé e ṣubú, a sì ti yẹ omi àfiwọ̀n wò bóyá ó pé. Omi òkun gidi ni omi àfiwọ̀n yìí. Wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n pa kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n wọn kábọ́ọ̀nù àti alkalinity rẹ̀ dáadáa, wọ́n wá rọ ọ́ sínú ìgò, kí gbogbo ẹni tó bá rà á lè fi yẹ ẹ̀rọ tirẹ̀ wò. Yàrá àyẹ̀wò Andrew Dickson ní ilé ìwádìí òkun Scripps, ní Kalifọ́níà, ló ń pín in fún gbogbo ayé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí ọkọ̀ méjì bá wọn omi ibì kan náà, tí iye wọn ò bára mu, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òkun ló yí padà tàbí ẹ̀rọ. Nígbà tí àrùn COVID-19 dá iṣẹ́ dúró ní 2020, tí omi yìí wá ṣọ̀wọ́n, ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó rí i bí gbogbo wa ṣe gbára lé orísun kan tó.

Ìlà kan la fẹ́ tọ̀: láti inú ẹnu odò níbi tí iyọ̀ ò tíì pọ̀ nínú omi, gba orí pèpéle etí òkun níbi tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ò tíì jìn, títí dé agbami. Ojú omi ni iṣẹ́ wa wà, mítà díẹ̀ péré sísàlẹ̀. Ohun mẹ́rin ló ṣeé wọ̀n níbẹ̀ nípa kábọ́ọ̀nù. Àpapọ̀ kábọ́ọ̀nù tó ti yọ́ sínú omi wà níbẹ̀. Alkalinity wà níbẹ̀, ìyẹn agbára tí omi ní láti gba ásíìdì mọ́ra kó tó kan. pH wà níbẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó: bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni omi ń kan sí i. Ìkẹrin ni pCO2, ìyẹn bí gáàsì CO2 (kábọ́ọ̀nù dáókísáìdì) inú omi ṣe ń ti ara rẹ̀ síta sí afẹ́fẹ́ tó. Bí ẹ bá mọ méjì nínú mẹ́rin yìí, tí ẹ sì mọ ìgbóná omi àti iyọ̀ rẹ̀, ìṣirò á mú méjì tó kù wá. Ètò kọ̀ǹpútà CO2SYS tí Lewis àti Wallace gbé jáde ní 1998 ló ń bá ọ̀pọ̀ wa ṣe é.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé mélòó ni pH òkun. Ìdáhùn tí mo fẹ́ fún wọn gùn ju nọ́ńbà kan lọ, torí pH nìkan ò tó láti dá ẹjọ́ omi kankan. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọjọ́ Ajé, ẹnu odò

A fi ọkọ̀ kékeré wọ ẹnu odò láàárọ̀, nígbà tí òkun ń fà sẹ́yìn. Omi náà pọ́n, ẹrẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ewé àti igi jíjẹrà ń léfòó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti lè bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ ni ibi tí a ti ń gba omi sínú ìgò. Ìgò gíláàsì tó gba ìdajì lítà ni. A ó ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ títí yóò fi kan ìdí rẹ̀, a ó jẹ́ kí omi máa gòkè láti ìsàlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó kún, kó sì máa ṣàn dànù fún ìgbà díẹ̀ sí i. Bí ìléròrò afẹ́fẹ́ kan bá lẹ̀ mọ́ inú rọ́bà, a ó dá omi náà nù, a ó tún un gbà.

Ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi wo bí omi ṣe ń ṣàn gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé omi tó ń dànù yìí ò ti pọ̀ jù?”

Mo ní, “Jẹ́ kó dànù. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ti fara kan afẹ́fẹ́ inú ìgò. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń tì í jáde.”

Lẹ́yìn náà a fa omi díẹ̀ kúrò lókè kí ìgò má bàa fọ́ bí omi bá gbóná, a sì kán mercuric chloride sí i, kí ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké inú rẹ̀ má bàa máa mí CO2 sí i títí a ó fi dé ìdí ẹ̀rọ. Gíríìsì la fi ń pa ìdérí gíláàsì náà lára. Ẹ ó máa yí i jẹ́jẹ́ títí gíríìsì yóò fi mọ́ gaara láìní ìlà kankan, ẹ ó wá fi rọ́bà dè é pa. Májèlé gidi ni mercuric chloride. Ìbọ̀wọ́ kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bá dì í mú, ohun tó bá sì kù níbẹ̀, inú àgbá tirẹ̀ ló ń lọ, kò gbọdọ̀ kan òkun. Ti ẹnu odò tún ní iṣẹ́ kan sí i: a ní láti sẹ́ èyí tí a fẹ́ fi wọn alkalinity, torí ègé òkúta ẹfun lè wà nínú ẹrẹ̀ rẹ̀, ásíìdì á yọ́ ọ nígbà àyẹ̀wò, nọ́ńbà á sì ga ju ti omi fúnra rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án, a kán aró m-cresol purple sínú díẹ̀ lára omi tí a kó bọ̀. Aró yìí máa ń di pupa rúsúrúsú níbi tí pH bá ti lọ sílẹ̀, ó sì máa ń di elésè àlùkò níbi tó bá ti ga. Ẹ̀rọ ń tan ìmọ́lẹ̀ gbà á kọjá ní 434 àti 578 nánómítà, ó sì ń fi bí omi ṣe gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan mì ṣírò pH. Àmọ́ kí a tó gbé e sínú ẹ̀rọ pàápàá, ojú ti rí i. A to àwọn gíláàsì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: èyí tó ti òkè odò wá rí rúsúrúsú, ti àárín fẹ́ẹ́ pọ́n, èyí tó sún mọ́ òkun ti ń ṣe elésè àlùkò. Ọmọ náà dúró tì í fún ìgbà pípẹ́, mo sì fi í sílẹ̀ kó wò ó tẹ́rùn.

Mo ní kó kọ “total scale” sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo pH tó bá wọnú ìwé wa, kó sì kọ ìgbóná tí omi wà nígbà tó wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n pH tí wọ́n ń lò ju ẹyọ kan lọ, èyí tí wọ́n fi omi àyẹ̀wò aláìníyọ̀ tún ṣe sì lè fi nǹkan bíi 0.1 yàtọ̀ sí total scale lórí omi òkun kan náà. Bẹ́ẹ̀ 0.1 yìí gan-an ni pH ojú òkun àgbáyé fi lọ sílẹ̀, láti nǹkan bíi 8.2 sí 8.1, láti ìgbà tí aráyé ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó èédú àti epo nínú ẹ̀rọ títí di òní. Ẹni tó bá da òṣùwọ̀n méjì pọ̀ lè ka àṣìkà ìwé sí ìtàn ayé.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù lónìí ni ibi tí omi odò àti omi òkun ti ń dàpọ̀. Alkalinity sábà máa ń bá iyọ̀ rìn: bí iyọ̀ ti ń pọ̀ sí i, òun náà ń gòkè, bí òkun bá ní in ju odò lọ. Àmọ́ odò ò dọ́gba. Mississippi ń gba orí òkúta ẹfun kọjá, alkalinity rẹ̀ sì ga, nǹkan bíi ti òkun fúnra rẹ̀. Ti Amazon kéré gan-an ní ìfiwéra. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wọn iyọ̀ nìkan, tó wá fi ìlà odò kan ṣírò alkalinity odò mìíràn, iṣẹ́ rẹ̀ ò lè dúró. Ibì kan sì wà láàárín ẹnu odò tí iye kábọ́ọ̀nù àti iye alkalinity ti ń bá ara wọn dọ́gba. Kó tó dé ibẹ̀, kábọ́ọ̀nù ló pọ̀ jù. Tó bá kọjá ibẹ̀, alkalinity ló ń borí. Ibi tí wọ́n ti dọ́gba yìí ni omi ti lẹ jù lọ. CO2 díẹ̀ péré tó bá wọ ibẹ̀, pH á fò sílẹ̀. Ewé omi díẹ̀ tó bá mú un kúrò, pH á fò sókè. Ohun ẹlẹ́mìí tó ń gbé ibẹ̀ ń rí ìyípadà tí ti agbami kì í rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ibi tí omi méjì ti pàdé

A ti padà sórí ọkọ̀ ńlá. Nǹkan bí aago mẹ́wàá, a rí ìlà náà: ìfófòó funfun kan tó gùn lọ kọjá ibi tí ojú lè tó, omi pípọ́n lápá ibí, omi tó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé lápá ọ̀hún. Ọ̀gá atukọ̀ dẹ ìrìn ọkọ̀ fún wa kí a lè gba ibẹ̀ kọjá jẹ́jẹ́.

Ọkọ̀ wa ní ihò kan nísàlẹ̀ tí pọ́ǹpù ń gba ibẹ̀ fa omi wọlé láìdúró. Omi náà ń rọ̀ bí òjò sínú àpótí kan tí a dé pa, afẹ́fẹ́ inú àpótí náà ń bá CO2 inú omi dọ́gba, ẹ̀rọ onímọ́lẹ̀ infrared wá ń ka afẹ́fẹ́ yẹn. Ní apá omi pípọ́n, pCO2 ga ju ti afẹ́fẹ́ lọ dáadáa. Bí a ti kọjá ìfófòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó wálẹ̀ kọjá nǹkan bí ìdá 420 nínú mílíọ̀nù kan tí afẹ́fẹ́ wà, ó sì ń lọ.

Ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Nínú ẹnu odò, ohun tó ń jẹrà pọ̀, ẹrẹ̀ ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́, omi ń mí CO2 síta. Nígbà tí ẹrẹ̀ bá rì, ìmọ́lẹ̀ wọlé, ajílẹ̀ tí odò kó wá ṣì wà níbẹ̀, àwọn ewé omi tí ojú ò lè rí ń gbèrú, wọ́n sì ń gba CO2 náà padà. Omi Amazon tó tàn ká ojú Àtìláńtíìkì ń ṣe báyìí gẹ́lẹ́: inú odò náà ń tú CO2 jáde, omi rẹ̀ tó ti wọ òkun ń fà á mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, inú mi kì í dùn bí mo bá rí i tí ẹnì kan fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dúró fún “etí òkun”. Lánàá àti lónìí kò jìnnà síra wọn, síbẹ̀ ìkíní ń fún afẹ́fẹ́ ní gáàsì, èkejì ń gbà á.

Ohun kan tó kéré lójú àmọ́ tí mo ń ṣọ́ ni ìgbóná. Omi máa ń gbóná díẹ̀ nínú páìpù kó tó dé inú àpótí. pCO2 ń fi nǹkan bíi ìdá 4 nínú 100 gòkè fún dígírì Celsius kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ Takahashi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1993 ṣe fi hàn. Ìdajì dígírì lórí 400 jẹ́ nǹkan bíi 8, iye tí CO2 inú afẹ́fẹ́ ń lo ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fi gòkè. Ojú-ìgbóná kan wà lẹ́nu ihò, òmíràn wà nínú àpótí, a sì ń ka méjèèjì.

Ọjọ́rú, lórí pèpéle etí òkun

A ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, a sì dúró sójú kan tọ̀sán-tòru. Ọkọ̀ tó bá ń rìn máa ń da ìyípadà àyè pọ̀ mọ́ ìyípadà àkókò. Ọkọ̀ tó bá dúró ló lè sọ ohun tí ilẹ̀ mímọ́ àti ilẹ̀ ṣíṣú ń ṣe sí omi.

Lóru, gbogbo ohun tó wà nínú omi ń mí, kò sí ìmọ́lẹ̀, CO2 ń pọ̀, pH ń lọ sílẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ ló kéré jù. Bí oòrùn bá yọ, ewé omi á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pH á máa gòkè títí di ọ̀sán, á tún yí padà nírọ̀lẹ́. Lórí ilẹ̀ tí koríko òkun tàbí kórálì pọ̀ sí, ìyípo ọjọ́ kan lè ju 0.1 lọ. Ní agbami, níbi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, pH ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi 0.002 lọ́dún. Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn: ohun tí omi etí òkun ń ṣe láàárín àárọ̀ àti ọ̀sán lè kọjá ohun tí agbami ń ṣe ní àádọ́ta ọdún. Ẹni tó bá gba omi láàárọ̀ ní ọdún kan, tó wá gba á lọ́sàn-án ní ọdún kejì, lè wá sọ fún aráyé pé òkun ti sàn. Wákàtí tí a gba omi ṣe pàtàkì tó ibi tí a ti gbà á.

Ní ọ̀gànjọ́, nígbà tí a ń pààrọ̀ ìṣọ́, ọmọ náà bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn kórálì tó ń fi kábọ́ọ̀nù kọ́lé yìí, ṣé wọn ò máa bá wa kó CO2 kúrò?”

Ọ̀pọ̀ àgbà ló gbà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òun nìkan. Mo ya á síwèé fún un. Kí ẹ̀dá omi tó kọ́ ìkarawun, ó nílò kálísíọ́ọ̀mù àti kábónéètì, ọ̀kan lára ìrísí tí kábọ́ọ̀nù ń gbé wọ̀ nínú omi. Fún ẹyọ kábọ́ọ̀nù kan tó bá mú kúrò nínú omi, alkalinity méjì ló ń bá a lọ. Agbára tí omi ní láti di CO2 mú ń dín kù ju bí kábọ́ọ̀nù ti dín kù lọ, èyí sì ń mú kí pCO2 omi tó kù lẹ́yìn ga sí i. Ìkarawun kíkọ́ ń ti CO2 síta, ìkarawun yíyọ́ ló ń fà á wọlé. Ewé omi ṣe ìdàkejì: ó ń mú kábọ́ọ̀nù, alkalinity kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Bí a bá wọn méjèèjì pọ̀, a ó mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí omi náà, ewé ni àbí oníkarawun. pH nìkan ò lè sọ ọ́ láéláé.

Ọjọ́bọ̀

Atẹ́gùn dé lóru, òkun sì ru. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ọ̀gá atukọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde sórí pèpéle ẹ̀yìn ọkọ̀, a ò sì sọ ìgò kankan sísàlẹ̀. Pọ́ǹpù nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ìléròrò afẹ́fẹ́ sì ń wọ inú páìpù rẹ̀. Mo fi àmì sí gbogbo ìlà tí ìyẹn kàn nínú ìwé, mi ò pa ìkankan rẹ́. Ọjọ́ báyìí ṣe pàtàkì fún gáàsì: bí atẹ́gùn bá yára ní ìlọ́po méjì, pàṣípààrọ̀ CO2 láàárín òkun àti afẹ́fẹ́ ń tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ó yẹ ká lè gba omi níbẹ̀, ó kàn jẹ́ pé kò ṣeé ṣe ni.

Ọjọ́ Ẹtì, etí pèpéle

Ìgbì ti rọlẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ abẹ́ òkun ti já lulẹ̀, ojú-ìgbóná wá sílẹ̀ lójijì. Atẹ́gùn àná ti ti omi ojú òkun lọ sí agbami, omi ìsàlẹ̀ sì ń ru gòkè dípò rẹ̀. Ó tutù, ajílẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, atẹ́gùn mímí inú rẹ̀ kéré, CO2 rẹ̀ sì pọ̀, torí gbogbo òkú ẹ̀dá tó ti ń rì láti òkè, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń jẹrà sí. A sọ àwọn ìgò Niskin, ìgò tó ń pa ẹnu rẹ̀ dé nínú ibú láti gba omi ibẹ̀, sísàlẹ̀ kí a lè rí i bó ṣe nípọn tó. Nígbà tí wọ́n dé òkè, ara ìgò tó ti ìsàlẹ̀ bọ̀ ń làágùn, ó tutù mọ́ni lọ́wọ́. Ìgò ti kábọ́ọ̀nù la kọ́kọ́ kún lẹ́yìn ti ọ́ksíjìn. Iyọ̀ lè dúró, gáàsì kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a ń wá níbí ni Ω ti aragonite, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bóyá ìkarawun lè dúró nínú omi tàbí yóò yọ́. Aragonite ni irú kábónéètì tí kórálì àti ọmọ ọ́ísítà fi ń kọ́ ara wọn. Bí Ω bá ju 1 lọ, ìkarawun rẹ̀ lè dúró nínú omi; bó bá kéré sí 1, omi yóò máa jẹ ẹ́ bí ẹ̀dá náà kò bá dáàbò bò ó. Ojú òkun ilẹ̀ olóoru sábà máa ń wà láàárín 3 àti 4, omi tó ti ìsàlẹ̀ ru sókè sì lè kéré gan-an sí ìyẹn.

Etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ló kọ́ aráyé ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní 2007, Richard Feely àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wa ọkọ̀ láti Kánádà dé Mẹ́síkò, wọ́n sì rí omi tí Ω aragonite rẹ̀ kéré sí 1 lórí pèpéle etí òkun, tó tilẹ̀ dé ojú omi níbì kan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2008. Láàárín àsìkò yẹn, àwọn tó ń sin ọ́ísítà ní Oregon ń rí i tí ọmọ ọ́ísítà ń kú lọ bẹẹrẹ, wọ́n sì kọ́kọ́ rò pé kòkòrò àrùn ni. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012 ló so ó mọ́ omi tó ru láti ìsàlẹ̀. Ìdáhùn wọn wọ̀ mí lọ́kàn: wọ́n gbé ẹ̀rọ pCO2 sẹ́nu páìpù, wọ́n ń yan wákàtí tí wọ́n ń fa omi, wọ́n sì ń fi kẹ́míkà gbé alkalinity omi náà ga kó tó kan àwọn ọmọ náà. Mo ń sọ èyí fún ẹni tó bá ń béèrè ohun tí nọ́ńbà wa wúlò fún. Ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì mi yìí, irú rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n máa rí ọmọ ọ́ísítà gbà.

Omi náà kò burú o. Ó ti ń ru báyìí láti ayébáyé, òun ló sì ń bọ́ ẹja. Ohun tó yí padà ni pé ìgbà tó kẹ́yìn tó rí afẹ́fẹ́, ó ti gba lára CO2 tí àwa èèyàn tú jáde, ìyẹn sì gùn lé èyí tó ti ń gbé tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, agbami

Omi dúdú bí aró, kò sí ẹrẹ̀, kò sí ewé, iyọ̀ rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 35 gíráàmù nínú kílógíráàmù omi kan. Nọ́ńbà ti farabalẹ̀. Alkalinity súnmọ́ 2300 maikirómóòlù nínú kílógíráàmù omi kan, àpapọ̀ kábọ́ọ̀nù sì wà ní nǹkan bíi 2000. Nínú 2000 yẹn, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 jẹ́ baikábónéètì, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù jẹ́ kábónéètì, CO2 gan-gan kò tó ìdá kan. Ìdá kékeré tí kò tó ọ̀kan yìí nìkan ló ń bá afẹ́fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀, ibẹ̀ sì ni ìtàn gbogbo rẹ̀ wà.

Ká sọ pé CO2 inú omi jẹ́ 10, tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́ kó di 11. Ẹyọ kan péré kọ́ ni yóò wọlé. Èyí tó bá wọlé ń bá kábónéètì pàdé, ó ń di baikábónéètì, ó ń pòórá kúrò nínú CO2. Nǹkan bí 20 ní láti wọlé kí 10 tó di 11. Roger Revelle àti Hans Suess ló ṣàlàyé bí omi òkun ṣe ń ko CO2 tuntun lójú báyìí ní 1957: bí CO2 bá fi ìdá 10 nínú 100 pọ̀ sí i, kábọ́ọ̀nù inú omi fi nǹkan bí ìdá kan péré pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ojú òkun fi ń bá afẹ́fẹ́ dọ́gba nípa ọ́ksíjìn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí ti CO2 fi ń lo ọ̀pọ̀ oṣù. Bí kábónéètì ṣe ń lọ nínú iṣẹ́ yìí ni Ω ń wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni agbára omi láti gba CO2 mìíràn ń dín kù.

Ní 1958 tí Charles David Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọn afẹ́fẹ́ lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, CO2 wà ní nǹkan bíi 315. Ó ti kọjá 420 báyìí, òkun sì ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí à ń tú jáde lọ́dọọdún. Láti 1988 ni wọ́n ti ń lọ gba omi léraléra ní Station ALOHA, níhà àríwá Hawaii, àti ní itòsí Bermuda. Níbẹ̀ ni pH ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú wa, tí pCO2 omi ń tẹ̀ lé ti afẹ́fẹ́. Ó hàn níbẹ̀ nítorí ohun tó ń da nọ́ńbà rú kéré. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ létí òkun, àmọ́ odò, ewé, ẹrẹ̀, ìgbóná àti wákàtí bò ó mọ́lẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ yọ ọ́ jáde ní láti wọn gbogbo wọn. Ìwọ̀n tó tó láti rí ìyípadà ọjọ́ kan létí òkun ò tó láti rí ti agbami. Àjọ GOA-ON, tó ń ṣọ́ bí òkun àgbáyé ṣe ń kan sí i, fi ààlà sí i: 0.02 tó fún pH bí ìyípadà ojú ẹsẹ̀ la bá ń wá, ti ọ̀pọ̀ ọdún fẹ́ 0.003.

Ọmọ náà kán aró sínú omi agbami fúnra rẹ̀ lónìí. Elésè àlùkò tó mọ́ kedere ló jáde. Ó kọ total scale sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọ ìgbóná, ó kọ wákàtí. Mi ò sọ nǹkan kan fún un tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọ̀nà àbọ̀

Ìṣirò la fi gbogbo ọjọ́ ṣe. A mú alkalinity àti àpapọ̀ kábọ́ọ̀nù tí a ti wọ̀n lórí ọkọ̀, a fi wọ́n ṣírò pH, a wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pH tí aró fún wa. Ní agbami, méjèèjì bára mu dáadáa. Bí a ti ń padà sọ́nà etí òkun nínú ìwé, wọ́n ń jìnnà síra díẹ̀díẹ̀, nígbà tó sì fi di ẹnu odò, ìṣirò ga ju aró lọ débi tí kò ṣeé fojú fò.

Ẹ̀rọ ò ṣàìsàn. A ka omi àfiwọ̀n ní àárọ̀ àti ní alẹ́, ó sì wà níbi tó yẹ kó wà. Ewé jíjẹrà ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn ohun tó ń yọ́ jáde lára wọn máa ń gba ásíìdì mọ́ra gẹ́gẹ́ bíi kábónéètì, ẹ̀rọ alkalinity sì ń ka gbogbo wọn pọ̀. Bí a bá wá sọ fún kọ̀ǹpútà pé kábónéètì ni gbogbo rẹ̀, á fún wa ní pH àti Ω tó dùn ún gbọ́ ju òtítọ́ lọ. Ìpinnu tí a ṣe nìyí: fún ẹnu odò, àpapọ̀ kábọ́ọ̀nù àti pH aró la ó fi ṣírò Ω, kì í ṣe alkalinity, fún agbami, alkalinity àti àpapọ̀ kábọ́ọ̀nù ló ṣeé gbára lé jù. A ó kọ èyí tí a lò sí iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan.

pCO2 ojú omi á lọ sí SOCAT, ibi tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń kó tiwọn jọ sí, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 2011, pẹ̀lú gbogbo àmì tí mo fi sí ìlà Ọjọ́bọ̀. Àwọn ìgò tó kù, ti ẹnu odò ló máa kọ́kọ́ wọ ẹ̀rọ ní ọ̀la bí a bá gúnlẹ̀, torí omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré kì í gba ìtọ́jú pẹ́ bíi ti agbami. Mo ti tò wọ́n síwájú nínú àpótí, ọmọ náà sì ti kọ nọ́ńbà wọn sára pátákó.